Iye Ìbọn Olúdáre

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin," ni Ajíbọ́lá wí, ó sì gbé ìbọn náà padà lé itan ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Má bínú, Olúdáre. Ọ̀pá ùbọn yìí ti sán. Èmi alára ni n ó rà á lọ́wọ́ rẹ, torí tìrẹ ni."

Olúdáre ò lè rí i. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan funfun ti ń bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un ní Ìdó ló sọ ìbọn òyìnbó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ di ọjà. Ní Ìrèlé níbí, ọdẹ kì í dá iye lé ìbọn ara rẹ̀. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní í bá a dá a, ohun tó bá sì sọ, abẹ gé e. Ta ni Olúdáre ì bá tún pè? Nígbà tí ejò bu Ajíbọ́lá ṣán nínú igbó, òun ló pọ̀n ọ́n títí wọ́n fi dé títì.

"Níbo ló ti sán?"

Ajíbọ́lá fà á níka, ó gbé èékánná rẹ̀ lé irin. "Ubí rèé. Ṣé o ti mọ̀ ọ́n lára?"

Olúdáre mọ̀ ọ́n lára. Láti kékeré ló ti ń fi òróró nu ojú ibẹ̀: orúkọ àwọn òyìnbó tó rọ ìbọn náà ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé bóyá ojú Ajíbọ́lá náà ti ń ṣú.

"Àrìnkẹ́!" ó ké sí ìyàwó rẹ̀. "Bá mi bu omi wá."

"Kí lo fẹ́ fomi ṣe?" ni Ajíbọ́lá bi í.

Olúdáre ṣí ìdí ìbọn, ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ó sì gbé ẹnu ìbọn náà sókè kí Àrìnkẹ́ lè da omi sí i.

"Wò ó dáadáa. Ṣé ó ń jò?"

Àrìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ọ̀pá náà yíká. "Bàbá Dára, gbígbẹ ni o. Kò jò rárá."

Olúdáre kọjú sí Ajíbọ́lá.

"Ta lo fẹ́ lọ tà á fún?" ni Olúdáre bi í.

"Ọ̀gá kan ní Ìlúpéjú. Ó níwèé àṣẹ. Ó ní òun á san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún." Ohùn Ajíbọ́lá wálẹ̀. "Olúdáre, ùyà ló ń jẹ mí."

"O ò ṣe sọ fún mi? Ǹ bá fún ọ níbẹ̀."

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó dun Olúdáre wọra. Kì í ṣe owó ló dùn ún jù, bí Ajíbọ́lá ṣe fà á níka ni: jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mú afọ́jú sọdá títì.

"Pe ọkùnrin náà. Kó wá bá mi nínú ulé mi. Èmi ni n ó dá iye ùbọn mi."

"Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í..."

"Mo mọ̀. Pè é."

Ajíbọ́lá pè é. Nígbà tó parí, kò tètè dìde.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́? Ṣé kí n ṣì gbé ọ̀kadà wá, ká jọ lọ Ìdó?"

Olúdáre dojú ìbọn kọlẹ̀, omi inú rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Àrìnkẹ́ á mú mi lọ. Tí wọ́n bá tú aṣọ ojú mi, Ajíbọ́lá, mi ò fẹ́ rí ọ níbẹ̀."

Ó gbọ́ tí bàtà Ajíbọ́lá ń fà lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó fún òun ní àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìbọn náà.