Ta Ló Sọ fún Adìwé?

"Ẹ kú ìpàdé àná o, Ẹ̀gbọ́n Agéwèé."

Adìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn ìwé tó ń dì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju ẹ kú àárọ̀ lọ.

Ọwọ́ Agéwèé dúró lórí irin ẹ̀rọ. "Ìpàdé wo?"

"Háà, ṣé ìpàdé yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni? Èyí tí wọ́n ti ń mu omi ni mò ń wí." Adìwé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Omi dára fún àgbàlagbà. Ó ń fọ ẹ̀dọ̀."

Àwọn obìnrin tó ń ká bébà létí fèrèsé bá a rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tí wọ́n ń rín.

"Bí o bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, sọ ọ́ kó délẹ̀," Agéwèé wí.

"Kí ni mo ní? Mo kí yín ni. Ẹ máa gé ìwé yín, kí ẹ má lọ gé ọwọ́."

Agéwèé ni wọ́n ń pè é nílé ìtẹ̀wé náà nítorí òun ló wà nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé, ẹ̀rọ ńlá kan tí abẹ rẹ̀ ń la òkìtì bébà já bí ẹni gé búrẹ́dì. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ṣáájú mutí wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, abẹ náà sì mú lára ìka rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá, obìnrin tó ni ilé ìtẹ̀wé, ti búra pé ọ̀mùtí kankan kò ní fọwọ́ kan abẹ òun mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀mùtí àná, ì báà jẹ́ ti òní. Nígbà tó ń gba Agéwèé síṣẹ́, ó bi í pé, "Ṣé o máa ń mutí?" Agéwèé ní, "Rárá, Mà." Òótọ́ ló sọ. Ó ti fi ọtí sílẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ẹ̀yìn, Ọ̀gá kò sì yí i wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ gbogbo, ó máa ń yà sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀ ti ń jókòó yí ká, tí wọ́n ń mu omi, tí wọ́n ń sọ ohun tójú wọn ti rí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀. Agéwèé sọ ara rẹ̀ ní Sùúrù. Gbogbo wọn ló bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, torí ìjà lórí àga ló kọ́kọ́ bá wọlé.

Ta ló wá sọ fún Adìwé? Bí Ọ̀gá bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ Adìwé ni ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, yóò jáde ṣáá ni. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ láti ìgbà tí Adìwé ti sọ fún oníbàárà kan tí ìwé rẹ̀ bàjẹ́ pé ọwọ́ Agéwèé ló wọ́, pé gọ́ọ̀mù òun kọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni Agéwèé pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù. Ó ní orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gba àyè lásán.

Nígbà tó délé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ká aṣọ.

"Ta lo bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Èmi? Mo bá aláṣọ sọ̀rọ̀, mo bá olùkọ́ ọmọ sọ̀rọ̀, mo bá ẹ̀yin náà sọ̀rọ̀, ẹ ò sì dá mi lóhùn. Kí ló dé?"

"Ẹnì kan mọ̀ níbi iṣẹ́."

Obìnrin náà ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ sì wá ń wò mí bí ẹni tó jí adìyẹ. Bàbá Ọmọ, bó bá jẹ́ pé ó wù mí kí n tú àṣírí yín, ìgbà tí ẹ ń sùn sínú gọ́tà ni ǹ bá ti pe gbogbo àdúgbò wá wòran. Ṣé ìgbà tí ẹ wá dènìyàn ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u?"

"N ò sọ pé ìwọ ni."

"Ẹnu yín ò sọ ọ́, ojú yín ló sọ ọ́. Ẹ lọ bi àwọn tó gbé yín sórí ayélujára."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Kò tíì pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ní ìkànnì ayélujára. Obìnrin kan láàárín wọn, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ayélujára, ló ṣe é. Agéwèé ta kò ó lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ẹni tó ń sá pamọ́ kì í gbé pátákó sójú títì." Àǹtí dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n Sùúrù, ẹni tó ń rì lọ́wọ́ kò mọ ibi tí a wà. Pátákó náà á fi ilẹ̀kùn hàn án. Kò ní fi ẹni tó wà nínú ilé hàn." Wọ́n dìbò, Agéwèé fìdí rẹmi. Kò gbàgbé. Kì í gbàgbé irú ẹ̀.

Ó pe Àǹtí ní Sátidé, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ bá a sọ. Wọ́n pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé lọ́sàn-án, àwọn àga ṣì wà ní títò sára ògiri. Kò jẹ́ kí obìnrin náà jókòó tán.

"Ìkànnì rẹ ti tà mí."

"Fún ta ni?"

"Fún ọ̀tá mi."

Àǹtí ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí i. "Ẹ wá ara yín níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú yín."

Agéwèé wò ó bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ tó ń họ orí. Ó rí àwòrán àga, ènìyàn kankan ò jókòó lórí wọn. Ó rí ọjọ́ àti aago ìpàdé. Ó ka ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹgbẹ́, kò sí orúkọ lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Èyí ńkọ́? Obìnrin tó ní òun ń gbé ìgò pamọ́ síbi iṣẹ́ òun? Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mọ̀ ọ́n nítorí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ níbí. Ó kọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe síbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n yọ ọ́. Ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ì bá mọ̀ ọ́n."

"Àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ ńkọ́? Ìwọ ń rí wọn."

"N kì í rí wọn. N ò jẹ́ kó máa tọ́jú ohunkóhun nípa wọn. Ẹni tó bá yọjú, tó bá padà, èmi ò mọ̀ pé ó wá."

"Ìwọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Àǹtí mí kanlẹ̀. "Ó ku nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ o. Ọwọ́ ta ló wà lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọwọ́ mi."

Gbogbo wọn ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kí ẹni tí ọtí bá ń dà láàmú lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Fóònù kékeré tí ẹgbẹ́ rà fún un ti bàjẹ́, Agéwèé sì yọ síìmù inú rẹ̀, ó fi í sínú fóònù tirẹ̀. Àǹtí tẹ nọ́ńbà náà lórí ìkànnì, bí àjèjì ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ojú ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ṣí lórí fóònù rẹ̀. Ó wò ó. Ó kàn na fóònù náà sí Agéwèé.

Àwòrán Agéwèé ló wà níbẹ̀. Ó dé fìlà funfun, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Ta nìyí?" ni Àǹtí bi í.

Agéwèé na ìka sí fóònù náà. "Ohun náà ló béèrè pé kí n fi àwòrán sí i."

"Ẹ sì fi sí i."

"Ṣé ènìyàn á kọ́lé tuntun, kó má gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀?"

"Mo sọ fún gbogbo yín pé kí ẹ má fi àwòrán síbẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ẹ ń fi pátákó àti ojú títì bá mi jà."

Agéwèé jókòó. Ojú tì í. Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó pa àwòrán náà rẹ́. Inú ìtìjú yẹn ni nǹkan mìíràn ti yọjú sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rí ọ̀bẹ nínú koríko. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹnì kan pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, tó ń mí, tí kò sọ̀rọ̀, tó sì gé ìpè náà. Ó rò pé ẹni náà ṣi nọ́ńbà pè ni.

"Dúró ná," ó wí. "Ibi ìkànnì nìkan ni nọ́ńbà yìí wà. Kí ni Adìwé ń wá débẹ̀? Ẹni tí òùngbẹ ò gbẹ kì í yọjú sí kànga. A jẹ́ pé Adìwé fúnra rẹ̀ ni..."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́!" Àǹtí na ọwọ́ sókè. "Ẹ má parí ẹ̀. N ò fẹ́ mọ̀."

"Ọ̀tá mi ni!"

"Ẹni tó bá ti kan ilẹ̀kùn, ó ti wà nínú ilé nìyẹn. Bí a ṣe ń bò yín la óò ṣe bò ó."

"Ó lè jẹ́ pé ó wá ṣe amí."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n rán an."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. A kì í bi wọ́n."

Agéwèé kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé lábẹ́ ahọ́n, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní Mọ́ńdè, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Adìwé ti wà nínú ọ́fíìsì, ó dúró létí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń lá súìtì amẹ́nututù.

"Agéwèé," ni Ọ̀gá wí, "Adìwé ní òun kò lè dákẹ́ mọ́ nítorí ààbò gbogbo wa. Ó ní o wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí."

"Ẹgbẹ́ àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀ ni, Mà."

"Òótọ́ ni nígbà náà."

"Òótọ́ ni, Mà."

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ tí mo gbà ọ́."

"Ẹ bi mí bóyá mo máa ń mu ún, Mà. N kì í mu ún."

"Ọgbọ́n agbẹjọ́rò nìyẹn. Agéwèé ni mo gbà, n ò gba agbẹjọ́rò." Ó yí ojú sí Adìwé. "Ìwọ náà, ẹgbẹ́ tí wọn kì í ti í dárúkọ ènìyàn, báwo lo ṣe mọ ẹni tó wà níbẹ̀?"

Súìtì ẹnu Adìwé dúró. "Ẹnì... ẹnì kan ló sọ fún mi, Mà."

"Ta ni ẹnì kan?"

Adìwé wo ilẹ̀. Òórùn súìtì náà dé ọ̀dọ̀ Agéwèé, ó sì mọ̀ ọ́n. Òun náà ti lá a rí láti fi bo òórùn ọtí, láàárọ̀, níwájú ọ̀gá mìíràn. Ìgbà náà ló tó yé e. Adìwé rò pé ẹni tí òun pè ti rí nọ́ńbà òun, ó sì ti dá òun mọ̀. Ẹ̀rù ló bà á, ló bá tètè ju òkò, kí wọ́n má bàa kọ́kọ́ sọ ọ́ lókò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. *Ẹ bi í, Mà, nọ́ńbà wo ló pè.* Ó ti wà létè rẹ̀. Ó rántí gbogbo ẹ̀fẹ̀, gbogbo ìwọ̀sí, gbogbo ẹ̀rín ẹ̀gàn. Adìwé gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì pọ́n, ó ń bẹ̀bẹ̀, tàbí ó ń halẹ̀. Agéwèé kò mọ èyí tí í ṣe.

"Àwòrán mi ni, Mà," Agéwèé wí. "Èmi ni mo gbé e síbi tí kò yẹ kó wà. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Adìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ọ̀gá wo àwọn méjèèjì, ó ń wá ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún òun. Nígbà tó sú u, ó ní, "Agéwèé, kúrò nídìí ẹ̀rọ. Lọ máa di ẹrù lẹ́yìn. Bí mo bá wò ọ́ títí, tí ọkàn mi bá balẹ̀, a óò sọ̀rọ̀. Bí kò bá balẹ̀, a óò sọ̀rọ̀ náà."

Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó ń fi okùn di ìwé pọ̀, nígbà tí Adìwé yọ sí i. Ó dúró jìnnà díẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò sọ ọ́."

"Kí ni n ò sọ?"

Adìwé gbé itọ́ mì. "Ẹ̀gbọ́n mi kan ló wà... òun ni mò ń bi yín nítorí ẹ̀ o. Bí ó bá dé ibẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n máa ń béèrè orúkọ?"

Agéwèé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé Adìwé kò ní ẹ̀gbọ́n kankan. Ó lè jẹ́ pé ọtí ló ń lé e kiri lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé Ọ̀gá ló ní kó wá gbọ́ sí i. Kò tíì dárí jì í, kò sì ní i lọ́kàn láti dárí jì í láìpẹ́. Ó fa okùn náà le, ó ta á ní kókó.

"Wọn kì í béèrè," ó wí. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé Ọjọ́bọ̀ ni. Kó jókòó sórí àga tó bá wù ú. Bí ó bá sì pàdé ẹni tó mọ̀ níbẹ̀, ẹni náà kò mọ̀ ọ́n rí."