Orí Tí A Kò Dì Tán

Wọ́n ti di orí Àǹtí Oníkọ́tìnnì dé ààbọ̀ kí ó tó mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Apá òsì ti dì, ó ń dán. Apá ọ̀tún ṣì rí wúruwùru. Ó jókòó lórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ onídìrí, ó fi orí ti ikùn rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó ń retí. Kò sí ohun tó kàn án lẹ́yìn orí.

Ká má parọ́, kì í ṣe irun ló ń gbé obìnrin yìí wá. Irun tí kò tíì gbó ló máa ń tú, tí yóò ní ó ti gbó. Ọkọ rẹ̀ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́, awọ orí lásán ni onídìrí yóò máa dì. Kò mọ̀ pé láti ìgbà tí oyún onídìrí ti sọ ni ọmọ inú ibẹ̀ ti ń gbá ìyàwó òun nípàá lẹ́yìn orí. Bí ó bá ti tapá, Àǹtí á pajú dé, á dá a lóhùn lọ́kàn pé, mo ti gbọ́, ọkọ mi.

Ìpá ọmọ náà wù ú débi pé ó ń tì í lójú. Òun náà ti lóyún rí. Wọ́n gbàdúrà fún un pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Nígbà tó kù díẹ̀, ọmọ náà dákẹ́. Ó sọ fún àwọn àgbà ilé, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ tó fẹ́ wáyé a máa sinmi. Ó fọkàn balẹ̀. Ohùn ìyá nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ó bi onídìrí léèrè bí ẹni ń ṣeré pé kí ló dé tí ọkọ òun inú ikùn yìí kò kí òun lónìí. Onídìrí rẹ́rìn-ín. Ó ní láti àná ló ti ń ṣe jẹ́jẹ́, àyè ti há mọ́ ọn ni, ó ń kó agbára jọ. Ó tún fi òòyà la irun, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àǹtí mọ̀ pé bó bá jẹ́ ekòló ni, wọn yóò fi òun ṣẹ̀sín títí. Síbẹ̀, ó dìde.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n parí orí yín ná."

"Fi orí sílẹ̀. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Pẹ̀lú irun báyìí?"

"Èmi náà dúró parí iṣẹ́ nígbà tèmi," ni Àǹtí wí. "Kọ́tìnnì ni mò ń rán."

Onídìrí gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì wá bàtà rẹ̀.

Àwọn èèyàn ń wo orí Àǹtí lójú títì, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ bò ó. Nílé ìwòsàn, agbẹ̀bí gbọ́ bí ọkàn ọmọ náà ti ń lù, ṣùgbọ́n tìkọ̀tìkọ̀ ló ń lù. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, kíá. Bí wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ, agbẹ̀bí ní irọ́ ni pé ọmọ máa ń dákẹ́ bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá ti yí ìṣe padà, kí ìyá máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju báyẹn lọ. Àǹtí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rò ó pé ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, ẹnì kan ì bá ti sọ ọ́ fún òun. Ó sunkún díẹ̀. Ibi tó ti ń nu ojú ni igbe ọmọ ti jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ohùn onídìrí kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Ẹ gbé e, Àǹtí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irun lẹ máa ń wá dì."

Àǹtí gbé ọmọ náà mọ́ra. Ẹsẹ̀ kékeré kan yọ lára aṣọ, ó gbá a nípàá láyà. Ó dá ẹsẹ̀ náà mọ̀.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì sọ ọ́ síta lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e díẹ̀ sí i, kó tó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ibẹ̀ ti dákẹ́. Àárò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á.