Ẹni Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Àbúrò mi tó kéré jù ló ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n Alága là ń pè é nílé. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, èmi gan-an ni mo sì fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, bí a bá pè é, ìpàdé ló wà. Bí kò bá sí nípàdé, ó ń bọ̀ láti ìpàdé. Mo bi í pé, "Ṣé ìwé lo lọ kà níbẹ̀ àbí ẹjọ́ lo lọ rò?" Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé aṣọ tí mo rán fún un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ní kí n jókòó dè é lẹ́yìn yàrá ìpàdé. Yàrá ìsinmi tí ilé ìwòsàn fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn alárìíwo kan ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan. Alága gbá tábìlì. "Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí gbogbo wa á fi sọ tiwa. Tèmi ló máa kẹ́yìn." Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí mo ti rò pé kò lè fọhùn. Nígbà tó kàn án, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì náà ń wá yàrá, kí ló dé tí wọn ò jọ lọ bẹ̀bẹ̀? Ìmọ̀ràn yẹn ni gbogbo wọn gbà. Èmi kàn ń wò wọ́n, mo ní eré ọmọdé lèyí.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ màmá wa ń kú lọ ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Àtọ̀gbẹ ló fa egbò náà. Ìka ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúdú títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà àgbà sọ fún wa pé àfi kí òun gé e nísàlẹ̀ orúnkún lọ́la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oró rẹ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀, màmá wa ò sì ní yè é. Ó ní kí ẹbí lọ rò ó, kí a fún òun lésì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹbí wa ṣe ń ro nǹkan rèé: ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwa yòókù á ní bẹ́ẹ̀ ni. A kó ara wa jọ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Bàbá Tíṣà sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gé ìyàwó àbúrò àwọn lẹ́sẹ̀ lójú àwọn. Ká gbé e lọ sílé, ká máa fi omi gbígbóná wẹ egbò. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń wakọ̀, ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò wà níta. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ rí ìyá ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan?

Alága dìde, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe ìpàdé yìí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì màmá."

"Ká lọ máa dẹ́rù bà wọ́n?" Èmi nìyẹn. "Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Bàbá Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ àná yìí, o fẹ́ kọ́ mi ní ìpàdé?"

"Ó tì o, bàbá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀. Mo kàn bẹ̀ yín kí ẹ sọ ọ́ níbi tí ẹni tó ni ẹsẹ̀ á ti gbọ́."

Wọ́n ní kó dìde, kò dìde. Nọ́ọ̀sì kan ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn bọ̀, ó ní kí wọ́n yà fún òun, Alága fi orúnkún wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dìde. Mo mọ orí kunkun yẹn, ìyá kan náà ló bí wa. Nígbà tó yá, Bàbá Tíṣà gbé ọ̀pá wọn, a wọlé.

Alága dúró sí apá ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ òfin rẹ̀: ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀, ó di ìgbà tí gbogbo èèyàn bá sọ tán. Bàbá Tíṣà tún tiwọn sọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti rọ̀, torí ojú màmá ni wọ́n ń wò. Awakọ̀ wo aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ náà, òórùn rẹ̀ sì ń gba inú aṣọ jáde. Ó ní, "Mi ò mọ̀ mọ́." Ó kàn mí. Gbogbo ẹnu mi, gbólóhùn kan ló kù níbẹ̀: "Màmá, ẹ bá wa relé."

Bàbá Tíṣà tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Alága ní, "Ẹ dákun, bàbá. Ó ku ẹnì kan."

A ń wo ara wa. Láti ìgbà tí màmá ti dé ilé ìwòsàn yìí, àwọn nọ́ọ̀sì là ń bi pé ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé wọ́n sùn.

"Ṣé ó kàn mí?" Màmá ló béèrè.

"Ó kàn yín, màmá."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ aránṣọ, bí iná bá jó etí aṣọ, kí lo máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń gé ibi tó jó, mà."

"O kì í sọ aṣọ nù?"

"Rárá, mà."

"Látìgbà tí dókítà ti wo ẹsẹ̀ yìí ni mo ti gbà. Mò ń retí kẹ́nì kan bi mí ni. Ẹ jẹ́ kó gé e. Mo ṣì fẹ́ wà pẹ̀lú yín."

Ojú tì mí. Bàbá Tíṣà bọ́ fìlà. "Ìyàwó mi," wọ́n ní, "má bínú sí wa."

Mo rò pé ìpàdé ti parí. Alága ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí màmá pè é padà.

"Gbogbo èèyàn lo ní. Ìwọ ò tíì sọ̀rọ̀."

Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tí kò dìde fún ẹnikẹ́ni ló wá ń wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, màmá. Mo ti ka gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú." Ó bú sẹ́kún.

Màmá na ọwọ́ sí i. "Mo ti gbọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Lọ pe dókítà wá."

Alága fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì lọ pè é, ẹkún ò tíì dá lójú rẹ̀.