Jẹ̀díjẹ̀dí Ọjọ́ Sátidé

Ohun tó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mutí ni mo ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ọ̀dọ̀ Taoheed àbúrò mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé wa ní Mushin.

“Ṣé o máa ń mutí?”

“Láéláé! Èmi ọmọ Àlàájì?”

“Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ńkọ́?”

“Àǹtí Jemilat, oògùn nìyẹn, kì í ṣe ọtí.”

“Oògùn! Jẹ̀díjẹ̀dí wo ló máa ń dúró de ọjọ́ Sátidé, kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ dé, kó tó máa yọ ẹ́ lẹ́nu?”

Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa, ta ló kọ́kọ́ fún ẹ mu?”

Pálọ̀ ni ìdáhùn ti wá, láti ẹnu bàbá wa fúnra wọn:

“Jemilat, fi ọmọ yẹn sílẹ̀ o! Bá mi gbé ìgò àgbo mi wá.”