Ẹni Tó Da Omi Sórí Pákó

Ogójì ọdún ni mo ti ń fi eékún rìn nínú ilé àwọn ará Káírò, tí mò ń tẹ́ pákó sílẹ̀ fún wọn, mi ò sì tíì rí ẹni mẹ́wàá tí pákó tọ́ sí nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n á ní igi gidi làwọn ń fẹ́. Tí mo bá tẹ́ ẹ tán, tó ń dán, wọ́n á fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n á fi ọ̀rá bo kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá ti pálọ̀ pa, wọ́n ní àlejò ló wà fún. Ṣíọ̀! Àwọn wọ̀nyẹn tilẹ̀ sàn. Àwọn tó ń da omi sí i ni mi ò lè dárí jì. Ẹ mọ àwọn obìnrin ìlú wa: garawa omi kan gbàá sílẹ̀, wọ́n á fi igi ẹlẹ́nu rọ́bà lé omi náà títí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ilé mọ́. Lórí táìsì, kò burú. Lórí pákó, ìpànìyàn ni.

Mitwalli ni mo ń jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Rihab, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé-ìwé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan ti kó wúrà ìfẹ́sọ́nà wá fún un, ẹnu mi ló tú u ká. Bàbá ọmọkùnrin náà fi ilẹ̀kùn tó rà fún ilé wọn hàn mí, ó ní kí n yìn ín. Mo ní ilẹ̀kùn náà á dára fún ilé ewúrẹ́, bí ewúrẹ́ ò bá ní í bínú. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n wá gba wúrà wọn. Nígbà tí Wagdi wá dé, tíṣà ìṣirò tí kì í pariwo, Sanaa ìyàwó mi fà mí wọ ilé ìdáná.

"Bàbá Rihab, ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Tí èyí náà bá tú ká, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ, ẹ ó máa bá igi yín gbé."

Rihab fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. "Bàbá mi, Wagdi ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run." Mo ṣèlérí pé n ó pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀, ògiri àti ilẹ̀kùn, ti ọkọ ni. Bẹ́ẹ̀dì, àga, ìkòkò, títí dórí ṣíbí, ti ará ilé ìyàwó ni. Ẹnì kan kì í dá sí ti ẹnì kejì. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Èmi tí wọ́n ń ti Alẹkisáńdíríà wá wá, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilẹ̀ tí ọmọ mi máa rìn lórí rẹ̀. Ìyá Wagdi, opó kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, ló fi ti ọ̀wọ̀ ṣe pé ká jọ lọ sí ilé ìtajà pákó. Ká jọ lọ wò, kì í ṣe ká jọ yàn.

Nígbà tí a débẹ̀, iwájú pákó aláwọ̀ eérú kan ló lọ dúró sí. "Ẹ wò ó, Bàbá Rihab, ó dà bíi ti òtẹ́ẹ̀lì!"

"Ti Jámánì ni, Alhájà," ni ẹni tó ń tajà wí, ọmọkùnrin kan tó fi òróró lẹ irun mọ́ orí gbagidi. "Kò bẹ̀rù omi rárá."

Mo wo nǹkan náà. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gúlúù pò, tí wọ́n wá lẹ àwòrán igi mọ́ lórí. Sanaa ti tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò dákẹ́: "Ẹ lè da omi sí i, kí ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ abọ́."

Ẹsẹ̀ Sanaa ò tó mọ́. "Èyí kì í ṣe igi," mo ní, "fọ́tò igi ni. Tébi bá ń pa yín, Ìyá Wagdi, ṣé fọ́tò ìrẹsì lẹ máa gbé kaná?"

"Bàbá, ayé ti yí padà," ni ọlọ́jà wí.

"Ayé yí, igi ò yí. Irun orí rẹ yìí ńkọ́, ṣé òun náà ò bẹ̀rù omi?"

Ìyá Wagdi kọjú sí mi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá Rihab, ṣé mo bi yín léèrè irú ṣíbí tí ẹ rà? Ilẹ̀ yìí, tèmi àti ti ọmọ mi ni."

Mo wo ọmọ mi. Ó ń yí òrùka wúrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i bí ẹni tó ń múra láti bọ́ ọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ pé, "Mo ní igi arwo nílé, igi gidi tó le bí irin. N ó tẹ́ ẹ sí pálọ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́."

Orí Sanaa yí síhà ọ̀dọ̀ mi wìì. Igi yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti ọjọ́ tí mo ti tú u nínú ilé ńlá àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó. Ọdọọdún ni Sanaa ń bẹ̀ mí pé kí n tẹ́ ẹ sí pálọ̀ wa. Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún un: pákó ò wà fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Orí táìsì la wà.

Ìyá Wagdi rò ó wò. Ilẹ̀ tí aládùúgbò kankan ò ní! "A gbà. Àmọ́ bí oníṣẹ́ lẹ ó ṣe máa wọlé o. Ẹ ó kanlẹ̀kùn, ẹ ó bọ́ bàtà."

"Mo gbọ́. Kí ẹ̀yin náà gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá da omi sórí pákó mi, ilé tó ti jáde wá ni kò ní ẹ̀kọ́."

"A gbọ́," ló fi dá mi lóhùn, bí ìgbà téèyàn ń dá wèrè lóhùn.

Ọjọ́ méjìdínlógún ni mo lò. Mo tò ó ní èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní méje-òun-mẹ́jọ, bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́mbà méjèèjì ní Lárúbáwá, ọ̀kan lanu sókè, ọ̀kan dojú dé. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Wagdi ń gbé tíì wá, ojoojúmọ́ ló sì ń bi mí bóyá irùngbọ̀n Wagdi máa funfun kí n tó parí. Mò ń tò, mò ń mu tíì. Tíì náà dùn, ṣúgà ló pọ̀ jù. Nígbà tí mo fi òróró pa pákó náà tán, èmi tí mo máa ń rí àbùkù lára gbogbo nǹkan dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wá àbùkù, mi ò rí.

Ọjọ́ kẹta, Jímọ́ọ̀, la kó ẹrù ìyàwó lọ. Àwọn àbúrò Sanaa ń hó ìhó ayọ̀ láti inú ọkọ̀ títí dórí àtẹ̀gùn. Mo sáré ṣíwájú wọn gun àjà mẹ́rin. Rihab ti débẹ̀ ṣáájú. Òun àti Ìyá Wagdi ló dúró síwájú pálọ̀, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà. Mo gba àárín wọn kọjá.

Pákó mi ti wú. Àárín ti gbéra kúrò nílẹ̀, etí rẹ̀ ń yọ síbí, ó ń yọ sọ́hùn-ún, ojú omi gbígbẹ sì ti fi funfun sára rẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

"Ta ló da omi síbí?"

Rihab la ẹnu. Ìyá Wagdi yára jù ú lọ. "Èmi ni. Lánàá, mo fẹ́ kó mọ́ kí ẹrù tó dé. Mo gbàgbé."

Háà! Mo bọ́ ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "O gbàgbé? Ṣé orí ọrùn ni orí rẹ wà? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tọ́jú igi yìí fún obìnrin tó yẹ kó máa gbé inú ihò! Fọ́tò igi ló tọ́ sí ọ, ìwọ àti ọlọ́jà olórí òróró yẹn! Ṣé mi ò sọ ọ́? Ilé tí o ti jáde wá ni kò ní ẹ̀kọ́!"

Ìhó ayọ̀ dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ Sanaa. Wagdi wọlé, ó dúró ti ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ̀ pé ìgbéyàwó ti ń tú lọ, mi ò sì lè dákẹ́. Ìyá Wagdi kàn ń wò mí. "Ó ti tó. Ẹ ti bú mi. Kí ẹrù máa wọlé."

Ó yà mí lẹ́nu. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá láìfèsì! Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Bí a bá ń bínú náà, bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń wá nǹkan tí n ó jù mọ́ ògiri, ojú mi sì lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Igi ẹlẹ́nu rọ́bà kan ló fara ti ibẹ̀. Mo mọ igi ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ lọ́dún tí mo gbé Sanaa níyàwó, mo họ ojú ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa wà. Òun nìkan ni ohun onígi tí mo fi ọwọ́ mi ṣe fún ilé ara mi rí. Òun ni Sanaa fi ń lé omi lórí táìsì wa láti ọgbọ̀n ọdún, òun náà ni Rihab fi kọ́ iṣẹ́ ilé. Garawa búlúù wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Mo fẹ́ kó dán ni," ló wí. Ó ń wolẹ̀. "Kẹ́ ẹ lè rí i pé ó ń dán. Mi ò mọ̀, Bàbá mi. Nílé wa, omi la fi ń fọ ilẹ̀."

Ìyá Wagdi pòṣé. "Ṣebí mo ti ní èmi ni! Ta ló bi ọ́ léèrè? Ọmọ yìí ò gbọ́ràn rárá."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Sanaa. "Ìyá Wagdi," mo ní, "ẹ má bínú sí mi. Ilé tèmi ni kò ní ẹ̀kọ́." Sanaa ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu mi rí.

"Ẹ̀bẹ̀ ò ṣe é tẹ́ sílẹ̀," ni Ìyá Wagdi fèsì. "Pákó ńkọ́?"

"N ó tú u, n ó sá a síbòòji, n ó tún un tò. Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ọjọ́ mẹ́jọ, tí Rihab bá bá mi ṣe é."

Mo kúnlẹ̀. Rihab kúnlẹ̀ tì mí nínú aṣọ tuntun rẹ̀. Mo fi irin sí i lọ́wọ́, mo fi ibi tí pákó ti máa ń gbà kéèyàn yọ ọ́ hàn án. Ìyá Wagdi ti ń pariwo mọ́ àwọn tó gbé tìmùtìmù pé yàrá ni kí wọ́n gbà, ó sì ń lọ gbé omi tíì kaná.

"Kí ṣúgà mọ níwọ̀n o," mo ké sí i.

"Èyí tí mo bá fi sí i lẹ máa mu."