Òkè Tí Mo Rù Nítorí Ewé Kan

Àlá kan ni mo lá lóru àná, ẹ má sì tíì máa wo ara yín lójú, mi ò jẹ ẹ̀wà sùn. Ẹ̀yin tí a jọ ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹ mọ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ṣe sítọ́ọ̀kípà ní ilé iṣẹ́ àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Ìkẹjà. Ẹni tó bá tọ́jú sítọ́ọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í pe ohun tí kò sí ní wíwà. Bí mo bá ní mo rí i, mo rí i.

Ohun tó fa àlá náà kò fara sin. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá wa, Ọ̀gá Mani ló fún mi kó tó padà sí ìlú rẹ̀. Òun ni ọ̀gá mi ní sítọ́ọ̀, ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ọ̀rọ̀ tẹ́ńpìlì ìlú wọn kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀ bí a bá ń jẹun ọ̀sán. Tẹ́ńpìlì méjìlá ló wà nínú kàlẹ́ńdà yẹn, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè já a sílẹ̀. Òun ni mo ń wò tí oorun fi gbé mi lọ.

Bọ́ọ̀sì kan dúró síwájú ilé wa. Ọ̀gá Mani ló di afinimọ̀nà, ó wọ aṣọ funfun, ó mú gbohùngbohùn dání, ó ń kéde pé kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí tẹ́ńpìlì méjìlá máa wọlé, oúnjẹ wà, ibùsùn wà, ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́kẹ̀ lé bàtà. Èmi ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì kí n tó dìde nílé, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyàwó mi, Ìyá Fọlárìn, wá bá mi lójú fèrèsé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ikọ́ ti ń dà á láàmù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, débi pé jíjókòó ló ń sùn. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n rédíò bọ́ọ̀sì ń sọ bọ́ọ̀lù, ẹnìkan sì fẹ́ gbá pẹnáritì. Mo rí ikọ́ gbá mú nínú ọ̀rọ̀ náà, mo rí ewé gbá mú. Ìyókù gba ẹ̀yìn etí mi kọjá.

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Bọ́ọ̀sì ṣí. A ti rìn jìnnà kí n tó rántí pé n kò gbọ́. Ewé kan ni yóò wo ikọ́ ìyàwó mi, èmi ni ó rán, n kò sì mọ ewé wo.

Bọ́ọ̀sì náà gba inú odò mímọ́ wọn kọjá. Omi kò wọlé, ó kàn ń yọjú lójú fèrèsé bí ará ilé tó fẹ́ mọ ohun tí à ń jẹ. Ọ̀gá Mani pín ìkòkò idẹ kéékèèké fún gbogbo wa kí a fi bu omi náà lọ sílé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó bá rin ìrìn àjò yìí máa ń ṣe. Mo bu tèmi kún dé ọrùn. Bí mo ṣe gbé e lé itan, ó wúkọ́.

Ó ní, "Gbé mi kaná."

Mo dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ewé. 

Ní tẹ́ńpìlì oṣù kìíní, wọ́n ní kí a bọ́ bàtà, nítorí ẹnìkan kì í wọ bàtà dé iwájú ohun mímọ́ níbẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó sáàárín òkìtì bàtà tó ga ju ilé lọ gba tèmi, ó sì fún mi ní páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bàtà òsì bèèrè ìgbà tí a óò padà. Bàtà ọ̀tún ní kó má bi mí, pé n kò mọ ohun tí mò ń wá. Mi ò bá wọn jiyàn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn, ilẹ̀ sì tutù.

Mo fi ọwọ́ kan agogo ẹnu ọ̀nà, mo wọlé, mo sì ti wà ní tẹ́ńpìlì oṣù kẹrin. Akọ màlúù kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó kọjú sí yàrá òrìṣà rẹ̀, òdòdó wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń sọ ẹ̀bẹ̀ wọn sí i létí wúyẹ́wúyẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Mani ti sọ fún mi nígbà ayé iṣẹ́ wa pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wọn, pé ohun tí èèyàn bá sọ sí etí màlúù yẹn kì í sọnù. Inú mi dùn. Mo tò títí ó fi kàn mí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ewé ni mo wá wá."

Màlúù ní, "Ewé wo?"

Mo wo ilẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ti sọ ọ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà gbọ́ ọ. Ó mí kanlẹ̀, eruku òkúta jáde nímú rẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń sọ̀rọ̀ sí òun létí, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó wá bi òun ní ohun tí aya rẹ̀ sọ fún un nínú ilé. Ó ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣé kí n kúkú padà lọ bi í?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí ti ń sọ pé n kì í gbọ́ ohun tí òun bá ń sọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ni mo ti ń sọ pé irọ́ ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màlúù. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé kí òun yá mi ní etí kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní etí mẹ́ta kò yẹ orí. Ó ní kí n wá lọ sí ọ́fíìsì.

Ọ́fíìsì náà wà lórí òkun. Ìtàn wọn sọ pé wọ́n jí aya ọmọ ọba kan gbé lọ sí erékùṣù, àwọn ọ̀bọ sì fi òkúta ṣe afárá kí ọkọ rẹ̀ lè rí i gbà padà. Orúkọ ọmọ ọba náà ni wọ́n kọ sára òkúta kọ̀ọ̀kan tí kò fi rì. Orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì yìí léfòó sí, tábìlì mẹ́ta, fáìlì jáǹtìrẹrẹ, àti ọ̀gá àgbà kan tó ní irùngbọ̀n, tó ń mu tíì. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti ìyàwó mi, mo kọ ikọ́. Ibi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ ewé, mo fò ó.

Ọ̀gá náà wo fọ́ọ̀mù, ó sì wò mí. Ó ní ohun tí wọ́n bá kọ orúkọ sí ló ń léfòó níhìn-ín, àlàfo kì í léfòó. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọ́fíìsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Omi dé kókósẹ̀ wa. Àwọn akọ̀wé ń lu òǹtẹ̀ lọ ní tiwọn, ẹnikẹ́ni kò dìde, nítorí kò tíì tó àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ọ̀gá àgbà bá hu ìwo méjì, irùngbọ̀n rẹ̀ kò yí padà, ó di òbúkọ. Mo kí i pé ẹ kú ìyípadà. Ó jẹ fọ́ọ̀mù mi, ibi tí mo fò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìwo júwe òkè kan fún mi.

Ìkòkò abẹ́ apá mi tún wúkọ́. "Gbé mi kaná."

Mo ní, "Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ mi dí ni?"

Òkè náà ni mo mọ̀ jù nínú kàlẹ́ńdà, wọ́n yà á sára ògiri tẹ́ńpìlì oṣù kẹsàn-án. Àbúrò ọmọ ọba yẹn ló fara gbọgbẹ́ lójú ogun, wọ́n sì rán ọ̀bọ kan tó jẹ́ ọmọ afẹ́fẹ́ pé kó lọ já ewé ìyè wá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀bọ dé orí òkè, ewé pọ̀ níbẹ̀, kò dá èyí tí wọ́n rán an mọ̀. Ó hú gbogbo òkè náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó gbé e lọ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún Ọ̀gá Mani nígbà náà, pé irú ọ̀bọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ mi. Ọ̀bọ àgbà kan ló jókòó sídìí òkè, ó ń fi róòbù pa orúnkún.

Ó ní, "Ìwọ lo fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé ara mi fún un. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá, èyí sì yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun kò purọ́, òun kò dá ewé mọ̀ lóòótọ́.

"Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ojú mi ni kò mọ ewé. Ìwọ ńkọ́?"

"Etí mi ni, bàbá."

"Tìrẹ le ju tèmi lọ," ni ó wí. Ó ká òṣùká fún mi, ó sì bá mi sọ òkè náà rù.

Kò wúwo tó bí mo ṣe rò. Koríko rẹ̀ nìkan ló ń rìn mí lọ́rùn. Mo ń rìn bọ̀ tayọ̀tayọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé gbogbo ewé ayé ló wà lórí mi yìí, kí Ìyá Fọlárìn mú èyí tó bá wù ú, kò sì ní mọ̀ láéláé pé n kò gbọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Òbúkọ ọ́fíìsì ti dúró síbẹ̀, ó ti dé fìlà aṣọ́bodè, ó ní kí n sọ ẹrù mi kalẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Mo sọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Ó ní àyẹ̀wò ni. Ó jẹ ẹ̀gbẹ́ òkè kan tán, ó bọ́ sí èkejì, ó ń jẹ bí ẹni tó ń ka fáìlì, ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Èyí tó ń lọ lọ́fun rẹ̀ yìí ńkọ́, bó bá jẹ́ òun ni? Ìyàwó mi jókòó sórí ibùsùn nílé, ó ń wúkọ́, ó ń retí mi, èmi sì dúró síhìn-ín láìsí bàtà, n kò lè na ọwọ́ sí ewé kan ṣoṣo kí n ní èyí ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí. Òbúkọ jẹ òkè náà títí ó fi ku ewé kan lórí ilẹ̀ gbẹrẹfu. Ó nu ẹnu.

Ó ní, "Ṣé òun nìyí?"

Gbogbo arìnrìn-àjò yíjú sí mi. Màlúù òkúta ti dìde wá, ó na etí. Ọ̀gá Mani gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu. Ìkòkò abẹ́ apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò dákẹ́ mọ́, ó ń wú u léraléra, omi ń dà sílẹ̀, ó sì ń sọ nǹkan láàárín ikọ́ náà. Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ òbúkọ. Mo tẹ etí mọ́ ẹnu ìkòkò, mo pariwo pé, "Kí lo wí?"

Ariwo yẹn ni mo fi jí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lórí sìmẹ́ńtì tútù, rédíò tí mo tàn sílẹ̀ ní pálọ̀ ń dún ṣàà láti àná. Ìyá Fọlárìn jókòó létí ibùsùn, ó di àyà mú, ó ń wúkọ́.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Kí ni mo wí nígbà wo?"

Mo fẹ́ sọ pé àlá ni. Ẹnu mi kò gbà. Mo ní, "Lánàá, nípa ewé. Mi ò gbọ́. Bọ́ọ̀lù ni mò ń gbọ́."

 Ó ní òun mọ̀ pé n kò gbọ́, òun kò kàn ní okun àtitún un sọ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárúkọ ewé náà, pé màá wá a dé ibi yòówù kó wà, ìbáà ṣe orí òkè.

Ó ní, "Òkè wo? Ewé ti wà nílé. Mo ti já a látọ̀sán àná, mo ti fọ̀ ọ́, ó wà nínú abọ́. Omi ni mo ní kí ẹ bá mi gbé kaná kí n fi mu ún, torí èéfín sítóòfù ló ń fa ikọ́ náà sí mi lọ́rùn."

Mo wá sálúbàtà mi tì, mo fẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé ìdáná. Abọ́ ewé wà lórí tábìlì lóòótọ́, ewé náà ti rọ díẹ̀. Ìkòkò kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ti bu omi sí i dé ọrùn fún mi, ó ti dé e. Mo ṣáná, mo gbé e kaná.

Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá, ó ń sọ nǹkan mìíràn. Mo kọ́kọ́ gba pálọ̀ lọ pa rédíò. Lẹ́yìn náà ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ní, "Ìyá Fọlárìn, kí lo wí?"