Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀ Ni Mo Ti Fẹ́ Gbọ́ Ọ

Yàrá tó kọjú sí títì nínú ilé mi ni mo ti ń bá àwọn òbí tọ́jú ọmọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. N kì í fi òfin mi ṣeré. Ẹni tó bá gbé ọmọ wá láàárọ̀ ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ẹni tó máa wá mú un. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́sàn-án, òun náà ló gbọ́dọ̀ pè mí. Àwọn kan ń pè mí ní Ìyá Ṣọ́jà nítorí ẹ̀. Wọn ò purọ́. Ọmọ kì í ṣe ẹrù tí mo lè gbé fún ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn ọmọ tí mò ń tọ́jú. Bàbá Àgbà là ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ń fọwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà. Àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ ti dàrú, kálukú sì ti gba ilé tirẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ni ìyàwó wa ṣì ń gbé e wá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi èmi. Bí bàbá ẹ̀ bá wá náà, ẹ má fún un."

Inú mi ò dùn sí i rárá, ọmọ ìyá mi ló ní kí n má gbé ọmọ fún. Ṣùgbọ́n mo gbà.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun ọ̀sán, mò ń wọ bàtà fún wọn, ni àbúrò mi bá kan ilẹ̀kùn tòun ti báàgì ńlá. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ, ó tún di ọdún kan gbáko.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ ká lọ, wọ́n ti ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni. Ìyá ẹ̀ ní kí n mú un jáde fún wákàtí kan. Ó ní òun á pè yín."

"Kò tíì pè mí."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

Mo pe ìyàwó wa, kò gbé e. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ló wà, wọ́n sì máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo pè, mo pè, ó sú mi.

Bàbá Àgbà ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó ti ń fẹ́ gba abẹ́ apá mi jáde. Mo fẹsẹ̀ dínà.

Mo ní, "Wọlé, kó o jókòó tì í níbí. O ò lè gbé e jáde. Lẹ́nu ìyá ẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kẹ́ ẹ wá máa ṣọ́ mi bí olè lórí ọmọ tí mo bí?"

Ó bẹ̀ mí, ó bínú, mo fi àáké kọ́rí. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbé e lé orí ọmọ ẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé báàgì ẹ̀. Kò dágbére fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó wa sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó mú un jáde? Èmi ni mo ní kó wá. Mo fẹ́ pè yín ni wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mo ní kò sí wàhálà, ẹ máa fún un ṣá, ṣebí àbúrò yín ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọ, mo sì pe àbúrò mi. Ìró omi àti ẹ̀ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Mo ní, "Ìyá ẹ̀ ti dé. Òótọ́ lo sọ. Má bínú."



Ó ní, "Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ ṣe ṣe fún mi yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa ṣe fún ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè ẹ̀, títí n ó fi dé."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé Bàbá Àgbà fún ìyá ẹ̀.